Praefectus: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Oyè Róòmù Tó Ní Ọ̀pọ̀ Iṣẹ́

Oyè kan wà ní Róòmù àtijọ́ tó máa ń da àwọn tó ń ka ìtàn láàmú: praefectus. Lójú ewé kan, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni igbá kejì Késárì. Ní ewé kejì, àgbà jagunjagun tó ń ṣètò àgọ́ àti oúnjẹ ọmọ ogun ni. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gba àlàyé sí.

Kí ni praefectus gan-an?

Ẹni tí a fi ṣe olórí nǹkan ni. Ó tán. Oyè náà kò sọ irú iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe, kò sọ bí agbára rẹ̀ ti tó, kò sì sọ ibi tó ń gbé. Ìdí nìyẹn tí olórí panápaná fi ń jẹ́ praefectus, tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí Késárì náà ń jẹ́ praefectus, tí ọ̀gágun tó ń darí nǹkan bí 500 ọmọ ogun ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Bìrìtéènì pàápàá ń jẹ́ praefectus. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé oyè náà ni kí o wò. Praefectus urbi ni ti ìlú Róòmù, praefectus vigilum ni ti àwọn aṣọ́de àti panápaná, praefectus classis ni ti ọkọ̀ ogun ojú omi. Bí o bá ti mọ ohun tí wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí lé lórí, ó kù kí o mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Ìyẹn ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo agbára oyè náà ti ń wá.

Ṣé ìbò ni wọ́n fi ń yàn án?

Rárá. Àwọn oyè tí wọ́n ń dìbò fún ní Róòmù wà lọ́tọ̀: consul tó ga jù, praetor, aedile, quaestor, tribunus plebis. Ọdún kan péré ni ẹni tó bá wọlé ń lò kí ẹlòmíràn tó gba ipò rẹ̀. Praefectus kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga jù ú lọ ló ń fi í síbẹ̀. Nígbà tí Róòmù kò tíì ní Késárì, àwọn olóyè ńlá bíi consul ló sábà máa ń yàn án. Nígbà tí Augustus, Késárì àkọ́kọ́, gba ìjọba, ọwọ́ Késárì ni ọ̀pọ̀ jù lọ bọ́ sí. Kò sí iye ọdún kan pàtó. Ó lè lo oṣù díẹ̀, ó lè lo 20 ọdún, ọjọ́ tí ẹni tó yàn án bá sì ní ó tó gẹ́ẹ́, ó tó náà nìyẹn. Agbára àyálò ni agbára rẹ̀.

Irú ènìyàn wo ló lè jẹ ẹ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti inú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin, ìyẹn equites, tó jẹ́ ìpele kejì nínú àwọn ọlọ́lá Róòmù. Ẹni tó bá máa wọ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ohun ìní tó tó 400,000 sestertius, owó Róòmù. Ìpele tó ga jù ni ti àwọn ìgbìmọ̀ àgbà, ìyẹn senate, tí Augustus ní kí ohun ìní tiwọn tó 1,000,000. Ọgbọ́n wà nínú bí Augustus ṣe pín in. Àwọn ìgbìmọ̀ àgbà ló lè ro ara wọn pé àwọn náà tó Késárì í ṣe, nítorí ìdílé wọn ti ń ṣe consul láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ó gba ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ilẹ̀ Íjíbítì, oúnjẹ ìlú àti panápaná kúrò ní sàkáání wọn, ó kó wọn fún àwọn ẹlẹ́ṣin tí kò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè fẹ̀yìn tì ju òun lọ. Praefectus urbi yàtọ̀: ẹni tó ti ṣe consul rí ni wọ́n ń wá fún ìyẹn.

Kí ni iṣẹ́ praefectus urbi?

Àwọn ará Róòmù gbà pé láti ayé àwọn ọba ayé ìgbàanì ni oyè náà ti wà: bí ọba bá ń lọ sójú ogun, yóò fi ẹnì kan sílẹ̀ kí ìlú má bàa wà láìní olórí. Augustus ló jí i dìde. Messalla Corvinus, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti ọ̀gágun tó lókìkí, ni ó kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mélòó kan tí ọkùnrin náà fi gbé oyè sílẹ̀. Tacitus òpìtàn ní wọ́n sọ pé kò mọ bí òun ṣe máa ṣe é. Nígbà tó yá ni Lucius Piso wá jẹ ẹ́ fún nǹkan bí 20 ọdún, tó sì kú sórí oyè ní ọdún 32 lẹ́yìn ìbí Kristi.

Iṣẹ́ náà ni láti pa ìlú mọ́ ní ìdákẹ́jẹ́, ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cohortes urbanae. Tacitus kò fi bò pé nítorí àwọn ẹrú àti àwọn aláriwo ìlú ni Augustus ṣe dá a sílẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè ka ìtàn Pedanius Secundus kí ara mi má gbọ̀n. Ní ọdún 61, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú Pedanius, tó jẹ́ praefectus urbi nígbà náà, pa á nínú ilé rẹ̀. Òfin àtijọ́ kan sọ pé bí ẹrú bá pa olówó rẹ̀, gbogbo ẹrú tó ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà gbọ́dọ̀ kú. Àwọn ẹrú inú ilé náà jẹ́ 400, obìnrin àti ọmọdé wà lára wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ kò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù Róòmù tú jáde, wọ́n kó òkúta àti iná ògùṣọ̀ dání láti dí ọ̀nà. Nínú ìgbìmọ̀, amòfin ńlá kan, Gaius Cassius, dìde, ó ní òfin kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Nero, Késárì ìgbà náà, to ọmọ ogun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà látòkè délẹ̀, wọ́n kó àwọn 400 náà kọjá láàárín wọn lọ síbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Àwọn ará ìlú tí wọ́n sọ pé oyè náà wà láti kó níjàánu ló gbèjà àwọn ẹrú lọ́jọ́ náà.

Ta ni praefectus praetorio, kí ló dé tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀?

Olórí ẹ̀ṣọ́ Késárì ni. Ní ọdún 2 ṣáájú ìbí Kristi ni Augustus yan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Quintus Ostorius Scapula àti Publius Salvius Aper, kí agbára má bàa kóra jọ sọ́wọ́ ẹnì kan. Òótọ́ ni Augustus rí ṣáájú, nítorí ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a jẹ ni wàhálà máa ń dé.

Sejanus ni àpẹẹrẹ tí a kò lè gbàgbé. Láyé Tiberius, Késárì tó tẹ̀ lé Augustus, òun ló kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó wà káàkiri jọ sínú àgọ́ kan ṣoṣo lẹ́bàá odi Róòmù. Nígbà tí Tiberius kó lọ sí erékùṣù Capri ní tirẹ̀, kò sí lẹ́tà tàbí àlejò tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgba ọwọ́ Sejanus kọjá. Wọ́n ń gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí ọjọ́ àríyá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 31, ìgbìmọ̀ àgbà péjọ sí tẹ́ḿpìlì Apollo. Lẹ́tà kan ti dé láti Capri. Ọkàn Sejanus balẹ̀, ó rò pé wọ́n fẹ́ fi oyè kún oyè òun ni. Lẹ́tà náà gùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó yìn ín díẹ̀, ó bá a wí díẹ̀, títí tó fi dé ibi tó ti ní kí wọ́n mú un. Consul pe orúkọ rẹ̀ kó dìde, kò mira, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàṣẹ fún un gbẹ̀yìn. Wọ́n pè é títí ó fi bèèrè bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́, wọ́n ti pa á.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú níbẹ̀ nìyí: Macro, tó gbé lẹ́tà náà wá, ti ní ìwé àṣẹ lápò pé òun ni praefectus praetorio tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sejanus kò mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tí òun rò pé òun jẹ́ mọ́.

Ṣé praefectus praetorio kankan gba ìjọba rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Macrinus gorí ìtẹ́ ní ọdún 217 lẹ́yìn tí wọ́n pa Caracalla, òun sì ni Késárì àkọ́kọ́ tí kò tíì wọ ìgbìmọ̀ àgbà rí kó tó jọba. Philip tí wọ́n ń pè ní ará Arébíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 244.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn adìtẹ̀ nìkan ló wà nídìí oyè náà. Burrus bá Nero ṣe é, ó sì gbìyànjú láti dá a lẹ́kun. Papinian àti Ulpian, méjì nínú àwọn amòfin tó jinlẹ̀ jù ní gbogbo ìtàn Róòmù, ni wọ́n jẹ ẹ́, nítorí nígbà náà oyè yìí ti ń gbọ́ ẹjọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pa. Wọ́n tún sọ nípa Trajan pé nígbà tó ń gbé idà oyè lé olórí ẹ̀ṣọ́ tuntun lọ́wọ́, ó fa idà náà yọ, ó ní kó lò ó fún òun bí òun bá ṣe ìjọba dáadáa, kó sì lò ó lòdì sí òun bí òun bá ṣe é burúkú. Mi ò tíì rí Késárì mìíràn tó sọ irú rẹ̀ ní gbangba.

Mo kà á pé praefectus praetorio jẹ́ olórí àgbègbè. Ṣé oyè kan náà ni?

Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ ti yí padà pátápátá. Ní ọdún 312, Késárì Constantine ṣẹ́gun Maxentius nídìí afárá Milvius, ó sì tú ẹ̀ṣọ́ Késárì ká nítorí wọ́n jà fún ọ̀tá rẹ̀. Olórí ẹ̀ṣọ́ wá kù láìní ẹ̀ṣọ́. Bọ́ ṣe di pé iṣẹ́ ogun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, tí owó orí, oúnjẹ ọmọ ogun àti ìdájọ́ sì wá di iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n pín ilẹ̀ ọba náà sí agbègbè ńlá mẹ́rin, Gaul, Ítálì pẹ̀lú Áfíríkà, Illyricum àti Ìlà-Oòrùn, praefectus praetorio kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Késárì Justinian gba àríwá Áfíríkà padà lọ́wọ́ àwọn Vandal, ó dá ti Áfíríkà sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọdún 534. Nítorí náà, bí o bá rí oyè yìí nínú ìtàn ọdún 50, ọmọ ogun ni kí o fojú inú rí. Bí o bá rí i nínú ìtàn ọdún 450, ìwé owó orí ni.

Kí ló dé tí Íjíbítì fi jẹ́ ti praefectus, tí kì í ṣe ti gómìnà bíi ti àwọn ilẹ̀ yòókù?

Nítorí ọkà. Íjíbítì wà lára àwọn ilẹ̀ tó ń bọ́ Róòmù jù, ẹni tó bá sì di èbúté Alẹksáńdríà mú lè fi ebi pa ìlú náà. Nígbà tí Augustus gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Kileopátírà ní ọdún 30 ṣáájú ìbí Kristi, ó fòfin dè é pé ọmọ ìgbìmọ̀ àgbà kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Germanicus pàápàá, ọmọ tí Tiberius gbà tọ́, gba ìbáwí nígbà tó lọ ní ọdún 19 láìsọ fún un.

Cornelius Gallus akéwì ni praefectus Íjíbítì àkọ́kọ́. Ó gbẹ́ òkúta kan sí Philae, erékùṣù kan ní Íjíbítì, ní èdè mẹ́ta, Látìn, Gíríìkì àti ti àwọn ará Íjíbítì, ó fi ń sọ pé ọjọ́ 15 ni òun fi ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀. Kò pẹ́ tí Augustus fi bínú sí i, ó pè é wálé, Gallus sì pa ara rẹ̀. Òmíràn nínú wọn, Aemilius Rectus, fi owó orí tó ju iye tí wọ́n bù fún un lọ ránṣẹ́ sí Tiberius. Dípò ọpẹ́, Tiberius fèsì pé irun àgùntàn òun ni òun ní kí wọ́n rẹ́, òun ò ní kí wọ́n fá a kanlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 69, praefectus Íjíbítì tó jẹ́ ọmọ Júù, Tiberius Julius Alexander, ni ó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ búra fún Vespasian gẹ́gẹ́ bí Késárì. Ẹni tó di ọkà mú lè yan Késárì.

Ṣé Pọ́ńtíù Pílátù jẹ́ praefectus?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bíbélì Yorùbá pè é ní Baálẹ̀. Tacitus pè é ní procurator, ìyẹn oyè mìíràn, àwọn onímọ̀ sì tẹ̀ lé e fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1961, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Ítálì rí òkúta kan ní Kesaríà létí òkun, tí àwọn kan ti yọ, tí wọ́n sì fi ṣe àtẹ̀gùn nínú gbọ̀ngàn ìran. Ìdajì ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti họ, ṣùgbọ́n orúkọ Pílátù ṣì hàn, oyè tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ni praefectus Jùdíà. Nígbà ayé Késárì Claudius ni wọ́n wá ń pe àwọn tó ń darí ilẹ̀ náà ní procurator. Oyè ìgbà tirẹ̀ ni Tacitus fi pe ti àtijọ́.

Láti ọdún 26 sí 36 ni Pílátù wà níbẹ̀. Ipò rẹ̀ kò ga bí a ti máa ń rò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́ṣin ni, àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, gómìnà Síríà sì lè fọwọ́ òun nìkan dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: Vitellius tó jẹ́ gómìnà Síríà ni ó ní kó lọ rojọ́ ní Róòmù. Síbẹ̀, lábẹ́ àwọn praefectus wọ̀nyí, aṣọ oyè olórí àlùfáà Jerúsálẹ́mù wà nítìmọ́lé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù, wọ́n ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún un bí àjọ̀dún bá dé, wọ́n á sì tún gbà á padà. Àwọn praefectus náà ló ń yan olórí àlùfáà. Káyáfà tí a ń kà nípa rẹ̀, Valerius Gratus tó ṣáájú Pílátù ló fi í síbẹ̀. Èyí yí ojú tí mo fi ń wo ẹjọ́ Jésù padà.

Ṣé a lè fi wé Ajẹ́lẹ̀ tiwa?

A lè fi wé e dé ìwọ̀n kan. Ajẹ́lẹ̀ tí Ọ̀yọ́, àti lẹ́yìn náà Ìbàdàn, ń fi sí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ wọn kò ní agbára kankan ju ti ẹni tó rán an lọ, bíi ti praefectus. Ṣùgbọ́n ọba ìlú ṣì wà lórí ìtẹ́ rẹ̀, Ajẹ́lẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ní Íjíbítì, kò sí ọba mọ́ rárá. Praefectus ló jókòó sípò àwọn ọba Ptolemy, òun ló ń dájọ́, òun ló ń darí ogun, òun ló ń pín iṣẹ́ odò Náílì. Ti Jùdíà ló sún mọ́ ti Ajẹ́lẹ̀ jù, nítorí olórí àlùfáà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣe ìlú.

Praefectus annonae ńkọ́?

Òun ló ń rí sí i pé ọkà dé Róòmù. Nǹkan bí 200,000 ọkùnrin ló ń gba ọkà ọ̀fẹ́ nínú ìlú náà, òun ló sì ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, àwọn tó ń wọn ọkà àti àwọn tó ń kọ́ àká dòwò pọ̀. Gaius Turranius ti wà lórí oyè yìí ní ọdún 14, ó sì ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún 48. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí oyè náà fi ṣe kókó, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Claudius ní ọdún 51: ebi ń pa ìlú, àwọn ènìyàn ká a mọ́ gbangba ọjà, wọ́n ń ju èépá búrẹ́dì lù ú títí ó fi gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá wọ ààfin.

Ta ni praefectus vigilum?

Olórí panápaná àti aṣọ́de. Ní ọdún 6 lẹ́yìn ìbí Kristi ni Augustus dá wọn sílẹ̀: ẹgbẹ́ méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ àdúgbò méjì nínú àdúgbò 14 tó wà ní Róòmù. Àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ti gba òmìnira, ni wọ́n kọ́kọ́ kó síṣẹ́ náà. Korobá, àáké, ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ògiri wó, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti aṣọ nínípọn tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan ni irinṣẹ́ wọn. Àwọn ará ìlú fi orúkọ korobá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún 24, òfin kan jẹ́ kí ẹni tí òmìnira rẹ̀ kò tíì kún tó bá sìn fún ọdún 6 nínú ẹgbẹ́ náà di ọmọ onílùú Róòmù pátápátá. Mo fẹ́ràn òfin yìí, nítorí ó hàn pé ìlú mọ iye tí iṣẹ́ náà jẹ́, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn ni wọ́n yí tẹ́ḿpìlì ká lọ́jọ́ tí ọwọ́ tẹ Sejanus. Àwọn tó fẹ́ mú un kò lè fọkàn tán ẹ̀ṣọ́ Késárì, nítorí náà Graecinius Laco, praefectus vigilum, kó àwọn panápaná rẹ̀ wá.

Nínú iṣẹ́ ológun ńkọ́?

Ibẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí jù. Praefectus cohortis ń darí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ onílùú Róòmù, praefectus alae ń darí àwọn agẹṣinjagun. Ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin tó bá fẹ́ gòkè máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹ́sẹ̀, á ṣe tribunus ti ológun, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn agẹṣin. Praefectus castrorum sì jẹ́ ẹnì kẹta nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tí wọ́n ń pè ní legio. Ti àwọn ọlọ́lá kọ́ ni ìyẹn. Jagunjagun tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ogun ló ń dé ibẹ̀. Poenius Postumus ni ọ̀kan nínú wọn tí ìtàn rẹ̀ ń dunni. Nígbà tí ọbabìnrin Boudica dìde sí Róòmù ní Bìrìtéènì, ó kọ̀ láti kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti ṣẹ́gun láìsí òun, tí ògo sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó fi idà gún ara rẹ̀.

Praefectus classis tó lókìkí jù ni Pliny Àgbà, olórí ọkọ̀ ogun tó wà ní Misenum. Nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàù ní ọdún 79, ó fi ọkọ̀ ogun lọ gba àwọn ènìyàn là létí òkun. Ó kú sí Stabiae.

Ṣé a mọ bí ìgbésí ayé praefectus lásán ṣe rí lójoojúmọ́?

A mọ̀ ọ́n, ọpẹ́lọpẹ́ ẹrẹ̀ Vindolanda, àgọ́ ọmọ ogun Róòmù kan ní àríwá Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wú àwọn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi yíǹkì kọ̀wé sí ní nǹkan bí ọdún 100 jáde, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ wò wọ́n. Flavius Cerialis ni praefectus ibẹ̀, lórí ẹgbẹ́ kẹsàn-án àwọn ará Batavia. Ó kọ̀wé sí Brocchus ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bó bá fẹ́ràn òun, kó fi àwọ̀n ọdẹ ránṣẹ́. Ọmọ abẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Masculus kọ̀wé sí i láti òde, ó ń bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ kejì, ó sì fi kún un nísàlẹ̀ pé ọtí bíà ti tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun, kó jọ̀wọ́ ní kí wọ́n gbé wá. Nínú ìwé náà, ọba ni Masculus pe Cerialis. Ọmọ abẹ́ tó wà níbi tí Késárì kò lè dé, praefectus ni ọba rẹ̀.

Claudia Severa, ìyàwó Brocchus, tún kọ̀wé sí Sulpicia Lepidina, ìyàwó Cerialis, pé kó wá bá òun ṣe ọjọ́ ìbí òun ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án. Akọ̀wé ló kọ ara lẹ́tà, ṣùgbọ́n Severa gba kálàmù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni ìkẹyìn, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní arábìnrin àti ẹ̀mí òun. Ó wà lára ìwé Látìn tó pẹ́ jù tí a mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin ló kọ ọ́.

Ṣé oyè náà ṣì wà lónìí?

Ó wà káàkiri, ó sì ti gba ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1800, òfin Napoleon fi préfet sórí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní Faransé, láti ibẹ̀ ló sì ti dé àwọn ilẹ̀ tí Faransé kó lẹ́rú. Àwọn ènìyàn wa ní Kétu, Pobè àti Sakété wà ní ẹkùn Plateau, ọ̀kan nínú ẹkùn 12 ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ Olómìnira, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń yan préfet tó wà lórí rẹ̀. Ní Tógò, Atakpamé tí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ń gbé jẹ́ olú ìlú ẹkùn Ogou, préfet ló wà níbẹ̀ náà. Àyálò ni agbára wọn síbẹ̀.

Ní Fátíkà, Póòpù ló ń yan prefect tó ń darí ọ́fíìsì ńlá kọ̀ọ̀kan. Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ Olómìnira, wà lórí ọ́fíìsì tó ń rí sí yíyan àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti ọdún 1984 sí 1998. Kádínà Francis Arinze láti Nàìjíríà wà lórí ti ètò ìjọsìn láti 2002 sí 2008. Pírífẹ́ẹ̀tì ilé ìwé tiwa wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ohun tó gba àlàyé níbẹ̀.

Bùràsíìlì ló yà mí lẹ́nu jù. Níbẹ̀, prefeito ni olórí ìlú, ìbò ará ìlú ló sì ń gbé e wọlé. Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, wọ́n gba ìbò náà lọ́wọ́ àwọn olú ìlú ìpínlẹ̀, wọ́n ń yan prefeito fún wọn bíi ti Róòmù gẹ́lẹ́. Ní ọdún 1985 ni àwọn ará Salvador àti àwọn olú ìlú yòókù tún dìbò yan tiwọn. Oyè tí kò ní ìbò nínú rí wá di ohun tí àwọn ènìyàn ń jà kí àwọn lè dìbò fún.

Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ lára òkúta tàbí nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé?

Wọ́n máa ń gé e kúrú sí PRAEF. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí o wò: COH ni ti ẹgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ALAE ni ti agẹṣinjagun, CLASS ni ti ọkọ̀ ogun, VIG ni ti panápaná, ANN ni ti ọkà, AEG ni ti Íjíbítì. FABR ni ti olùrànlọ́wọ́ ọ̀gágun, tí àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́ṣin sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn to iṣẹ́ ayé ẹnì kan láti kékeré dé ńlá, àwọn mìíràn to ti wọn láti òkè wá sílẹ̀, nítorí náà ka gbogbo rẹ̀ kí o tó sọ pé ẹnì kan gòkè tàbí ó já bọ́. Kí o sì ṣọ́ra fún PR PR. Nígbà mìíràn, praefectus praetorio ni. Ṣùgbọ́n bí LEG AVG bá ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe praefectus rárá: gómìnà ilẹ̀ kan tó wá láti inú ìgbìmọ̀ àgbà ni, ẹni tí Késárì kò jẹ́ fi ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́.